Ọmọ Mi Tó Ní Ọ́tísíìmù Kì í Sùn Lóru: Ṣé Kí N Ra Melatonin Fún Un?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọkùnrin mi ti pé ọdún 6, wọ́n sì ti sọ fún wa nílé ìwòsàn pé ó ní ọ́tísíìmù. Bárígà la ń gbé, ní yàrá kan àti pálọ̀. Ìdúmọ̀tà ni mo ti ń tajà, ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ sì wà nítòsí ṣọ́ọ̀bù mi. Aago márùn-ún ìdájí la máa ń jí. Tá a bá wọ dánfó padà sílé ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, á sùn lọ títí a ó fi dé Bárígà, nígbà míì aago méje ti lù. Lẹ́yìn ìyẹn, kò ní sùn mọ́ títí di aago mọ́kànlá ààbọ̀, àfi kí n dùbúlẹ̀ tì í, kí n sì fi kàtúùnù hàn án lórí fóònù. Tó bá di aago méjì òru, á jí, á máa rẹ́rìn-ín, á máa fò káàkiri yàrá títí di aago mẹ́ta ààbọ̀. Ìyá ọkọ mi ní ẹgbẹ́ ọ̀run ló ń bá a ṣeré. Aládùúgbò wa ní kí n máa fún un ní Piriton. Ẹni tó ń ta oògùn ní òpópónà wa ní òun ní melatonin tó dà bíi súìtì, 5 mg. Ṣé kí n rà á? Àbí bí ọ́tísíìmù ṣe ń ṣe nìyẹn, tí kò sí ohun tá a lè ṣe sí i?"

Ẹ kú àìsùn, ìyá wa, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà nínú ohun tí ẹ kọ, mo sì fẹ́ ká yà wọ́n sọ́tọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: ọmọ náà kì í tètè sùn, ó sì tún ń jí láàárín òru. Ohun tó ń fa ti àkọ́kọ́ lè má jẹ́ ohun tó ń fa èkejì. Melatonin tí wọ́n fẹ́ tà fún yín yìí, ti àkọ́kọ́ ló wúlò fún jù. Tí ẹ bá rà á nítorí aago méjì òru, ó ṣeé ṣe kí owó yín lọ, kí òru yín má sì yí padà. Ní ti pé kò sí ohun tí a lè ṣe, ìyẹn kì í ṣe òótọ́ rárá. Nínú àlàyé tí ẹ ṣe gan-an, mo rí ó kéré tán ohun mẹ́ta tí a lè fọwọ́ kàn láìná owó púpọ̀: oorun inú dánfó, fóònù, àti ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nígbà tí oorun bá ń gbé e lọ.

Òótọ́ ni pé ọ́tísíìmù ní ọwọ́ nínú rẹ̀. Tí a bá kó ọmọ 10 tó ní ọ́tísíìmù jọ, 5 sí 8 nínú wọn ni oorun ń dà láàmú, bí ìwádìí ṣe ń sọ léraléra. Ara ènìyàn ló ń ṣe melatonin fúnra rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú, òun ló ń sọ fún ọpọlọ pé alẹ́ ti lẹ́. Nínú àwọn ọmọ wọ̀nyí, àwọn kan wà tí ara wọn kì í ṣe é tó. Lọ́dún 2008 ni àwọn onímọ̀ kan ní ilẹ̀ Faransé rí i pé àwọn kan nínú wọn ní àléébù nínú àbùdá tó ń darí ìpele ìkẹyìn nínú bí ara ṣe ń ṣe melatonin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wọn. Fún àwọn mìíràn, etí tàbí awọ ara ló ń gbọ́ ju ti ẹlòmíràn lọ: ìró ẹ̀rọ jẹnẹrétọ̀ àdúgbò, nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó ń kan ojú, ọ̀rá tí wọn kò tíì bọ́ kúrò lára fóòmù tó ń dún ṣàràṣàrà ní gbogbo ìgbà tí ọmọ bá yí ara padà. Ọmọ mìíràn kì í rí i láti ojú àwọn tó yí i ká pé àsìkò àtisùn ti tó. Ẹ ní láti sọ ọ́ di ohun tí ojú lè rí.

Ní ti ẹ̀rín òru, ẹ bá mi fi sùúrù bá ìyá ọkọ yín sọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n má gbàdúrà. Ohun tí mi ò fẹ́ ni kí ẹnikẹ́ni na ọmọ náà nítorí ẹ̀rín, kí wọ́n máa gbé e lọ sí ìṣọ́ òru tí yóò gba ìwọ̀nba oorun tó kù lójú rẹ̀, tàbí kí wọ́n fún un ní àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Ọmọ tó jí tí ara rẹ̀ yá, tí kò sì mọ̀ pé àwọn tó kù ṣì ń sùn, yóò ṣeré bó ṣe ń ṣeré lọ́sàn-án. Irú ẹ̀rín kan wà ṣá o tí ó yẹ kí ó já wa láyà: èyí tó bẹ̀rẹ̀ lójijì, tí kì í sábà pé ìṣẹ́jú kan, tó ń rí bákan náà ní gbogbo ìgbà, tí ọmọ kì í dáhùn bí a bá pe orúkọ rẹ̀, tí ojú rẹ̀ ranjú sí ibì kan. Ìyẹn lè jẹ́ wárápá, wárápá sì wọ́pọ̀ láàárín àwọn ọmọ tó ní ọ́tísíìmù ju àwọn ọmọ yòókù lọ. Eré wákàtí kan ààbọ̀ tí ẹ ṣàlàyé kò jọ ọ́. Síbẹ̀, ẹ fi fóònù ya fídíò rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, kí dókítà lè fi ojú ara rẹ̀ rí i.

Kí a tó dé orí ìwà àti àṣà, ẹ jẹ́ ká yẹ ara ọmọ wò, torí ọmọ tí ọ̀rọ̀ kò já gaara lẹ́nu rẹ̀ kò lè sọ pé inú ń run òun. Ṣé ó máa ń hanrun lọ́pọ̀ òru, tó ń fi ẹnu mí, tó ń làágùn, tó ń na ọrùn sẹ́yìn kó tó lè sùn? Ẹran tó wú lẹ́yìn imú tàbí ní ọ̀nà ọ̀fun lè máa dí i lémìí, dókítà etí, imú àti ọ̀fun ló sì ń tọ́jú ìyẹn. Kò sí àṣà alẹ́ tó lè wò ó sàn. Ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ le, tó ń lo ọjọ́ mẹ́ta kó tó yàgbẹ́? Inú kíkún ń jí ọmọ. Ṣé ó ń họ ìdí lóru? Aràn kéékèèké funfun máa ń jáde sí ẹnu ihò ìdí lálẹ́ láti yé ẹyin, ẹ fi tọ́ọ̀ṣì wò ó nígbà tó bá ti sùn. Ṣé ó ń ju ẹsẹ̀ ní gbogbo òru, tí aṣọ ìbùsùn á fi wé mọ́ra wọn? Àìtó èròjà irin lára lè fa ìyẹn. Àwọn ọmọ tó ń ṣa oúnjẹ jẹ, tó jẹ́ pé ìrẹsì àti búrẹ́dì nìkan ni wọ́n ń gbà, ló sábà máa ń ní in. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ferritin, tó ń fi irin tí ara tọ́jú pa mọ́ hàn, ni kí ẹ béèrè fún. Fún ọmọ tó ń ju ẹsẹ̀ báyìí, iye tó bá wà lábẹ́ 50 ng/mL ni ọ̀pọ̀ dókítà oorun máa ń tọ́jú, kódà bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá pé. Àmọ́ ibà àti àìsàn èyíkéyìí tó bá wà lára máa ń gbé iye ferritin sókè, nítorí náà, ẹ má ṣe é ní ọ̀sẹ̀ tí ara rẹ̀ gbóná. Ẹ má sì fúnra yín ra oògùn ẹ̀jẹ̀, pàápàá bí ọmọ bá jẹ́ SS tó ti ń gba ẹ̀jẹ̀, torí irin lè ti pọ̀ jù lára rẹ̀. Bí ẹ bá ń fún un ní oògùn tó ń mú ọmọ jẹun dáadáa, ẹ wo ara páálí rẹ̀ bóyá cyproheptadine wà nínú rẹ̀. Ó ń kun ọmọ lóorun lọ́sàn-án.

Ó wá kan dánfó. Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru. Iye tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà oorun ní Amẹ́ríkà fẹnu kò sí lọ́dún 2016 nìyẹn. Ti ọmọ yín, bí mo ṣe kà á: wákàtí méjì ààbọ̀ kó tó jí, wákàtí kan ààbọ̀ lẹ́yìn tó bá padà sùn, àti bíi wákàtí kan ààbọ̀ nínú ọkọ̀. Wákàtí márùn-ún ààbọ̀ lápapọ̀ nìyẹn, ó kéré púpọ̀. Kì í ṣe pé oorun kò sí lára rẹ̀. Ó ti ná apá kan rẹ̀ lórí afárá Third Mainland. Láti ìgbà tí ènìyàn bá ti jí ni ìpòùngbẹ oorun ti ń kó jọ sí i lára. Ọmọ tó bá sùn láti aago márùn-ún ààbọ̀ sí aago méje ti pa ìpòùngbẹ yẹn, kò sì lè tún dé bó ṣe yẹ kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ kò lè dá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ dúró, ṣùgbọ́n ẹ lè gbé oorun náà síwájú. Tó bá ti ilé ẹ̀kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ tẹ́ nǹkan fún un, kí ó sùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú péré, kí ẹ sì jí i kí aago mẹ́ta tó lù, bó tilẹ̀ ń bínú. Nínú ọkọ̀, ẹ jẹ́ kó jókòó síbi fèrèsé, kí ẹ fún un ní ohun tó máa ń rún lẹ́nu díẹ̀díẹ̀, ṣinṣín tàbí ìpékeré. Bó bá jẹ́ fóònù nìkan ló lè là á lójú nínú dánfó, ẹ fún un. Fóònù aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ kò lè ṣe é ní ibi tí ti aago mẹ́wàá alẹ́ ń ṣe.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó tún àkókò àtisùn ṣe. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí òbí pinnu lọ́jọ́ kan pé aago mẹ́jọ ni ọmọ gbọ́dọ̀ máa sùn. Ọmọ á dùbúlẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta, á máa yí, á máa sunkún, bẹ́ẹ̀ ni bẹ́ẹ̀dì á ṣe di ibi ìjà lójú rẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí oorun rẹ̀ wà. Bí oorun ọkọ̀ bá ti kúrò, ẹ fi aago mẹ́wàá ààbọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ má gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì ṣáájú ìgbà yẹn. Bó bá ti ń sùn láàárín ogún ìṣẹ́jú fún òru mẹ́ta léraléra, ẹ fà á sẹ́yìn pẹ̀lú ìṣẹ́jú 15, sí aago mẹ́wàá kọjá ìṣẹ́jú 15. Òru mẹ́ta mìíràn, ẹ tún fà á. Láti ibẹ̀ dé aago mẹ́jọ ààbọ̀, ìgbà 8 ni ẹ máa fà á, ìyẹn bí òru 24 bí ohun gbogbo bá lọ déédéé. Ó sábà máa ń pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Aago mẹ́jọ ààbọ̀ sí aago márùn-ún, pẹ̀lú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ti ṣọ́ọ̀bù, wákàtí 9 pé. Àkókò jíjí kò gbọ́dọ̀ yí padà; lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè, ẹ má jẹ́ kó kọjá aago mẹ́fà. Ìsinmi gígùn ló dára jù láti bẹ̀rẹ̀, torí òru ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ á kúrú. Bó bá jẹ́ pé ọmọ ní wárápá, ẹ má ṣe èyí láìsọ fún dókítà rẹ̀, nítorí àìsùn máa ń fa gìrì.

Ọ̀pọ̀ ìmọ̀ràn tí ẹ máa kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ilẹ̀ òyìnbó ni wọ́n kọ ọ́ fún, níbi tí oòrùn kì í wọ̀ títí di aago mẹ́sàn-án ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wọ́n á sì ní kí ẹ ra kọ́tìnì dúdú. Ní Èkó, láti oṣù kìíní dé oṣù kejìlá, oòrùn ti wọ̀ kí aago méje ààbọ̀ tó lù. Òkùnkùn ti wà fún wa lọ́fẹ̀ẹ́, gílóòbù funfun àti fóònù ló ń lé e lọ. Nínú ìwádìí kékeré kan tó jáde lọ́dún 2018, lára ọmọ 10 tó wà láàárín ọdún 3 sí 5, wákàtí kan níwájú iná tó mọ́lẹ̀ gan-an dín melatonin ara wọn kù ní bí ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún. Fóònù kò mọ́lẹ̀ tó iná yẹn, mi ò ní fi dẹ́rù bà yín, ṣùgbọ́n ojú ọmọdé ń gba ìmọ́lẹ̀ ju ti àgbà lọ, kàtúùnù fúnra rẹ̀ sì ń ta ọpọlọ jí. Ẹ ra gílóòbù kékeré kan tí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ́n bíi ti àtùpà, kí ẹ máa lo òun nìkan láti wákàtí kan ṣáájú oorun. Kí fóònù gbogbo ilé kúrò níwájú rẹ̀ ní àsìkò kan náà, títí kan ti bàbá rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ aago méjì òru wà gan-an rèé. Kò sí ẹni tó ń sùn láti alẹ́ dé òwúrọ̀ láìjí. Gbogbo wa là ń jí díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, lẹ́ẹ̀márùn-ún lóru. A ó yí ara padà, a ó rí i pé kò sí ohun tó yí, a ó sì sùn lọ láìrántí. Ṣùgbọ́n ẹni tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì tó wá jí bá ara rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò lè kàn yíjú padà kó sùn. Ọmọ yín sùn pẹ̀lú ìyá lẹ́gbẹ̀ẹ́, kàtúùnù létí, fáànù lójú. Ní aago méjì, ìyá ti lọ sí ẹ̀gbẹ́ kejì, fóònù ti kú, wọ́n sì ti pa jẹnẹrétọ̀, fáànù dákẹ́, ooru ti bò ó. Ohun gbogbo ti yí padà. Fún ọmọ tó ní ọ́tísíìmù, tó jẹ́ pé ìyípadà ló ń dà á láàmú jù, ìyẹn tó láti là á lójú pátápátá. Ìlànà tí ẹ máa tẹ̀ lé ni pé ohunkóhun tí kò bá ní sí níbẹ̀ ní aago méjì kò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀ nígbà tó bá ń sùn lọ. Ẹ ra fáànù tí wọ́n ń ṣáàjì, kí ẹ tan án sí agbára tó kéré jù láti ìbẹ̀rẹ̀ alẹ́, kí ó má gbára lé NEPA tàbí jẹnẹrétọ̀. Lórí agbára tó ga, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní dé ìdajì òru. Ìró rẹ̀ tó ń lọ geere yóò tún bo ariwo àdúgbò. (Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tàbí abẹ́ fèrèsé nítorí pé ẹ fẹ́ kí ọmọ rí afẹ́fẹ́, èéfín rẹ̀ ń pa odindi ìdílé sójú oorun.)

Ní ti pé ẹ ń dùbúlẹ̀ tì í, ẹ má dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Òru mẹ́ta sí mẹ́rin, ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ má dùbúlẹ̀. Mẹ́ta sí mẹ́rin mìíràn, ẹ jókòó sórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lẹ́yìn náà, ẹ máa sún àga náà sẹ́yìn títí tí yóò fi dé ẹnu ọ̀nà pálọ̀. Ẹ kẹ́yìn sí i díẹ̀, ẹ má bá a sọ̀rọ̀. Kí ó tó sùn, ẹ ya àwòrán márùn-ún sórí páálí kan, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri síbi tí ojú rẹ̀ tó: ìwẹ̀, aṣọ alẹ́, fífọ eyín, ilé ìtọ̀, bẹ́ẹ̀dì. Kí gbogbo rẹ̀ má ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, kí ìtòlẹ́sẹẹsẹ rẹ̀ má yí padà. Bí omi bá máa ń mú un ta gìrì, ẹ gbé ìwẹ̀ lọ sí kété tí ẹ bá wọlé. Tó bá jí ní aago méjì, ẹ má tan iná, ẹ má fún un ní oúnjẹ tàbí fóònù, ẹ má bá a wí. Ẹ mú un padà sórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ sọ ọ̀rọ̀ kan náà ní ohùn jẹ́jẹ́, "alẹ́ ni, ó di òwúrọ̀," kí ẹ sì padà sí ibi àga yín. Ẹ ó ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lóru kan. Òru kejì dé ìkẹrin á le ju ti ìṣáájú lọ, ẹkún á pọ̀ sí i, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti máa ń fún ọmọ ní fóònù. Ẹni tó bá fún un ní òru kẹta ti kọ́ ọ pé ẹkún gígùn ló ń mú fóònù wá. Tí ẹ bá mọ̀ pé ọ̀sẹ̀ yìí kò rọrùn, ẹ sún un síwájú, kí ẹ sì sọ fún àwọn ará ilé tí ẹ jọ ń gbé kí wọ́n má baà wá kanlẹ̀kùn.

Ní báyìí, melatonin. Ó ń ṣiṣẹ́, mi ò ní tàn yín. Nínú ìwádìí kan tó jáde lọ́dún 2017, ọmọ 125 ni wọ́n fi wé ara wọn fún ọ̀sẹ̀ 13, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ní ọ́tísíìmù; àwọn tó lo melatonin tó ń tú díẹ̀díẹ̀ fi bí ìṣẹ́jú 57 kún oorun wọn, àwọn tó lo hóró tí kò ní oògùn kankan nínú, tí wọ́n kàn fi ṣe ìfiwéra, fi bí ìṣẹ́jú 9 kún un. Tí wọ́n bá ṣe ìṣirò náà fínnífínní, èyí tó jẹ́ ti oògùn gan-an jẹ́ bí ìṣẹ́jú 32. Ẹ ṣàkíyèsí ohun méjì: àwọn ọmọ tí àtúnṣe àṣà alẹ́ kò tíì ràn lọ́wọ́ tó ni wọ́n mú, oògùn tí wọ́n lò kì í sì í ṣe èyí tó dà bíi súìtì. Èyí tó ń tú lẹ́ẹ̀kan náà, bí irú ti súìtì ṣe sábà máa ń ṣe, máa ń kúrò lára láàárín wákàtí díẹ̀, kò lè dé aago méjì òru. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2020 ni pé àtúnṣe àṣà ló ń ṣáájú. Bí kò bá tó, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1 sí 3 mg, ìṣẹ́jú 30 sí 60 ṣáájú oorun, kí wọ́n máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, kó má ju 10 mg lọ. Nítorí náà, 5 mg tí wọ́n fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀ fún yín ti pọ̀. Àwọn onímọ̀ ní Kánádà yẹ irú rẹ̀ 31 wò lọ́dún 2017: nínú àwọn kan, melatonin kéré gan-an sí iye tí wọ́n kọ sára ìgò, nínú òmíràn ó ju ìlọ́po márùn-ún rẹ̀ lọ. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn kì í tà á láìsí ìwé dókítà. Bí dókítà bá fọwọ́ sí i, ẹ rà á lọ́wọ́ apòògùn tó ní ìwé ẹ̀rí, ẹ wo nọ́mbà NAFDAC, ẹ yan oníhóró 1 tàbí 2 mg, kí ẹ má sì fún un ní àfikún láàárín òru. Ó lè mú kó máa tòògbé nílé ẹ̀kọ́, kí orí máa fọ́ ọ, tàbí kó tọ̀ sílé.

Piriton, rárá. Oògùn ara yíyún ni, kì í ṣe oògùn oorun. Kíkùn tó ń kun ọmọ jẹ́ àbájáde tí wọn kò fẹ́, ó sì máa ń dín kù láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí òbí á wá máa fi kún un. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé ńṣe ló ń ta wọ́n jí. Phenergan léwu jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò tọ́ sí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 rárá, torí ó lè dá èémí dúró. Valium àti oògùn ikọ́ àgbà, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sún mọ́ ọn. Ẹnì kan tún lè ní kí ẹ ra bùláńkẹ́ẹ̀tì tó wúwo. Wọ́n dán an wò lára àwọn ọmọ 67 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwádìí náà jáde lọ́dún 2014. Àwọn ọmọ fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ oorun wọn kò gùn sí i. Nínú ooru Bárígà, ẹ fi owó yẹn ra fáànù.

Kì í ṣe gbogbo ọmọ ló máa dé wákàtí 9 lẹ́yìn gbogbo èyí. Àwọn kan á máa jí, àmọ́ wọn á jókòó jẹ́jẹ́ lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn náà jẹ́ ìlọsíwájú. Nítorí náà, kí yàrá wà ní ipò tí ọmọ tó jí kò fi ní farapa: ìdè sí òkè ilẹ̀kùn níbi tí ọwọ́ àgbà nìkan tó, kí ẹ pa sílíńdà gáàsì láti orí rẹ̀, kí kẹrosíìnì àti oògùn apakòkòrò wà nínú àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́. Ẹ má tì í mọ́ inú yàrá ní òun nìkan. Ẹ sì pín òru pẹ̀lú bàbá rẹ̀. Kí ó gba ti Fúráìdè àti Sátidé, kí ẹ̀yin sùn sí pálọ̀. Ìlànà àga yìí kò ṣeé ṣe fún ìyá tó ti ń tòògbé lórí ìdúró.

Láti alẹ́ òní, ẹ mú ìwé kékeré kan, kí ẹ kọ nǹkan wọ̀nyí sínú rẹ̀ fún òru 14: aago tó dórí bẹ́ẹ̀dì, aago tó sùn, ìgbà tó jí àti bó ṣe pẹ́ tó, oorun ọ̀sán, ìgbà tí NEPA mú iná lọ, ìgbà tó yàgbẹ́. Ẹ gbé ìwé náà àti fídíò yẹn lọ sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, LASUTH ní Ìkẹjà, tàbí ẹ̀ka ọmọdé tí ilé ìwòsàn ọpọlọ ti Yábàá ní ní Òṣòdì. Mi ò lè yẹ ọ̀fun rẹ̀ wò láti ibí, mi ò sì lè gbọ́ bó ṣe ń mí. Bó bá jẹ́ pé èémí rẹ̀ máa ń dá dúró lójú oorun, tàbí ara rẹ̀ ń gbọ̀n tí kò sì dáhùn, ẹ má dúró de òru 14, ẹ gbé e lọ lọ́la.